"Vacant": Ilé Òfìfo Kì Í Ṣe Ilé Tí Kò Ní Onílé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Isinbode-Èkìtì

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Owó tí ó wà nínú àpótí wa kì í ṣe owó ẹnì kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó lè mú kí owó náà sọnù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi rán wa láti bá yín sọ̀rọ̀ lónìí lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ni "vacant".

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni ẹ ṣe pè wá kúrò lóko?" Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ wá lówó rí, ó sì tún ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ohun tí ojú wa rí

Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ kò lè gbàgbé ìgbà tí a ń wá ilé tí a ó fi ṣe sítọ́ọ̀ fún kòkó àti èlùbọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọkùnrin kan mú ìwé wá fún wa, ó ní òun ní ilé kan láti tà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ ìwé náà. Ó wà nínú rẹ̀ pé ilé náà jẹ́ "vacant". Akọ̀wé wa túmọ̀ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ pé, "Ilé náà ṣófo." Àwa náà lọ wò ó. Fèrèsé wà ní títì, koríko ti hù dé ẹnu ọ̀nà, a kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú wa rí bá ohun tí ìwé sọ mu, inú wa sì dùn. A san owó àsansílẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó fún wa.

Nígbà tí a padà lọ láti gbá ilé náà, kọ́kọ́rọ́ tí a gbà kò ṣí ju ilẹ̀kùn iwájú lọ. Yàrá méjì nínú ní àgádágodo tiwọn. Pákó àti páànù àlòkù kún inú wọn dé òkè. Káfíńtà kan ni ó ni wọ́n. Ó ní láti ọdún pípẹ́ ni òun ti ń san owó yàrá náà fún ìyá àgbà kan nínú ẹbí onílé. Kò pẹ́ tí ìwé fi dé láti Èkó pé ilé bàbá àwọn ni, pé àwọn kò rán ẹnikẹ́ni láti tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan dé láti oko kòkó ní ìhà Oǹdó. Àwọn náà ní ilé bàbá àwọn ni. Ọkùnrin tí ó gba owó wa kì í ṣe àlejò nínú ẹbí náà, ọmọ bàbá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kan, bẹ́ẹ̀ ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn ní.

Owó wa kò padà títí ìkórè kòkó méjì fi kọjá, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń padà. Ní àkókò yẹn ni ìyá kan láàrin wa, opó tí kì í pa oṣù jẹ nínú ìfowópamọ́, wá yá owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. Akápò ní láti sọ fún un pé kò sí owó nílẹ̀. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dìde, ó lọ. Ìyá náà ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa dòní.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akọ̀wé. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni ó sọ. Àwa ìgbìmọ̀ ni a fi ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò sọ kún un. A gbọ́ pé ilé ṣófo, a sì gbà nínú ọkàn wa pé ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni ó ni ilé. Bàbá wa sọ pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa wo ara ògiri, a kò wo ẹbí.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ti fẹ́ fi ilé kan tí ó wà ní títì láàrin ìlú yìí dógò, kí ẹgbẹ́ lè yá a ní owó tí ó pọ̀ ju èyíkéyìí tí a ti yá ènìyàn rí lọ. Ìwé tí ó mú wá tún sọ pé ilé náà jẹ́ "vacant". A kò sọ pé ó ń purọ́. Ọmọlúàbí ni, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé, kí á sì mọ ibi tí kò dé.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ

Láti inú èdè Látìn ni "vacant" ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan ṣófo tàbí pé ó wà láìsí ẹni tí ń lò ó. Gbogbo wa ni a mọ àwọn ìbátan rẹ̀. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí ilé-ìwé ń ṣe, tí àwọn ọmọ ń pè ní "vacation", ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ní Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n kọ "No Vacancy" sí, ọmọ ìyá rẹ̀ náà ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé ààyè ṣófo, ta ni yóò wọlé lọ jókòó lórí àga, kí ó wá sọ pé òun ni òun ni ilé-iṣẹ́? Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń fi "vacant" hàn nígbà tí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí. Kò sọ pé ọkọ̀ náà kò ní olówó.

Gbogbo agbára ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ó ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó wà níbẹ̀? Kò dáhùn ìbéèrè kejì: ta ni ó ni ín? Kò sì dáhùn ìkẹta: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibẹ̀?

Àwọn aládójútòfò fi ìyàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé owó ni wọ́n ń fi san àṣìṣe. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa ya "unoccupied" sọ́tọ̀ kúrò lára "vacant". Bí onílé bá lọ sí ìrìn àjò, tí ibùsùn àti ìkòkò rẹ̀ ṣì wà nínú ilé, "unoccupied" ni ilé náà. Bí kò bá sí ènìyàn, tí kò sì sí ẹrù, a jẹ́ pé "vacant" ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò iná tí a kọ ní ọ̀nà ti Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan wà pé bí ilé bá wà láìsí ènìyàn nínú rẹ̀ ju 30 ọjọ́ lọ, tí onílé kò sọ fún ilé-iṣẹ́ náà, ààbò lè kúrò lórí rẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sílé, tí ẹ ń gbé Èkó, tí ẹ kì í ṣí i àfi ní ọdún Kérésì, tún ìwé yín kà.

Gbólóhùn mìíràn tí ẹ ó máa rí nínú ìwé títà ilé ni "vacant possession". Èyí lágbára ju "vacant" lásán lọ, nítorí pé ìlérí ni. Ẹni tí ó ń tà á ń sọ pé, "Ní ọjọ́ tí o bá san owó tán, o ó wọ ilé náà láìbá ẹnikẹ́ni pàdé, láìbá ohun tí yóò dí ọ lọ́wọ́ pàdé." Ní ọdún 1946, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ lórí ilé ìkẹ́rùsí kan tí a tà báyìí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kún fún pàǹtí, àti fún ọ̀pọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ti gan. Adájọ́ ní ẹni tí ó tà á kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, nítorí pé ẹni tí ó rà á kò lè lo apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí ó rà. Bí a bá ti mọ ẹjọ́ yìí nígbà náà, a kò bá ti bi ọkùnrin ọjọ́sí pé, "Pákó ta ni ó wà nínú yàrá kejì?" kí a tó tú àpò.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pàápàá mọ̀ pé ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ já ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní England àti Wales pé kí ènìyàn já wọ ilé gbígbé onílé láìgba àṣẹ, kí ó sì máa gbé ibẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n ni èdè náà pàápàá kò fi "ó ṣófo" ṣe "kò ní onílé".

Ohun tí èdè tiwa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Àwọn baba wa kò nílò Látìn kí wọ́n tó mọ èyí. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí a ní. Ilẹ̀ tí a ti ro rí, tí a fi sílẹ̀ kí ó lè sinmi, ìgbọ̀rọ̀ ni a ń pè é. Igbó tí àdá kò tíì kàn rí, ẹgàn ni. Ibi tí ènìyàn ti gbé rí tí ó ti tú, ahoro ni. Ògiri ilé tí ó ti wó kù sílẹ̀, àlàpà ni. Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ilé òfìfo ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó túmọ̀ sí pé ohun náà kò ní ẹni tí ó ni ín. Bí o bá dé ìdí ìgbọ̀rọ̀, tí o bèèrè pé ti ta ni, ẹnì kan yóò dá ọ lóhùn. Yóò fi igi obì tí bàbá rẹ̀ gbìn hàn ọ́, yóò sì fi pérégún tí ó wà ní ààlà hàn ọ́.

Ẹ sì rántí ààlè. Bí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè gbé e tán lọ́jọ́ náà, yóò fi àkísà tàbí màrìwò so ààlè sí i, yóò sì lọ sílé. Kò sí olùṣọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọjá mọ̀ pé olówó rẹ̀ ń bọ̀. Ààlè ni ó ń sọ fún wa pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣì ní ohùn níbẹ̀.

Ní òde òní, ọ̀nà mìíràn ni a ń gbà so ààlè. Ẹ ti rí i lára ògiri ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Adó-Èkìtì pàápàá, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà: "This House Is Not For Sale". Ilé yìí kì í ṣe títà. Onílé tí ó mọ̀ pé bí òun bá rin ìrìn àjò fún oṣù mẹ́ta, ẹnì kan lè ta ilé òun fún ẹlòmíràn, ni ó kọ ọ́. Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ rí pé èkúté fọwọ́ sí ìwé títà ilé tí ó sì dúró.

Nígbà tí a bá ní "wọ́n fi í sílẹ̀"

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó léwu ju "vacant" lọ. Òun ni "abandoned", èyí tí ó ń sọ pé olówó ti kọ ohun rẹ̀ sílẹ̀. Nínú òfin, ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ pé kí a tó lè sọ bẹ́ẹ̀: kí olówó ti kúrò níbẹ̀, kí ó sì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò padà mọ́. Ojú lè rí èkíní. Ta ni ó lè fi ojú rí èkejì?

Àwa ará Èkìtì mọ̀ ọ́n. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1886, ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa di ahoro. Àwọn kan sá lọ sórí òkè, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú. Nígbà tí àlàáfíà dé, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá ṣán igbó ìdí àlàpà bàbá wọn, wọ́n tún un kọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé, "Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ogun ni ó lé wọn. Kì í ṣe ọkàn wọn ni ó kúrò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná lábẹ́ Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní orílẹ̀-èdè náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Accra àti Kumasi, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù, fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì di ẹrù lé orí. Ẹni tí ó bá dé Kumasi ní ìparí ọdún náà yóò rí ilé òfìfo. Ṣé olówó rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, tàbí wọ́n lé e?

Ní ilẹ̀ tiwa pàápàá, nígbà ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970, àwọn ará Ìgbò tí wọ́n ti kọ́lé sí ìlú mìíràn sá fún ẹ̀mí wọn. Ní Port Harcourt, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers fi òfin kan ní 1969 sọ ilé wọn di "abandoned property", ìjọba àpapọ̀ sì tún ṣe òfin lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 1979. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé náà kò gba ilé wọn padà, ọ̀rọ̀ náà sì dá ìkorò sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ onílé tí ó padà dé lẹ́yìn ogun bá ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Ogun kan náà ni, ilé òfìfo kan náà ni. Orúkọ tí a fún un ni ó yàtọ̀.

Àwọn aláwọ̀ funfun ti lo ọ̀rọ̀ yìí gba ilẹ̀ rí. Ní ọdún 1904, ìjọba Faransé ṣe òfin fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ tí ó bá ṣófo tí kò sì ní olówó di ti ìjọba. Ọ̀rọ̀ "vacant" yìí gan-an ni wọ́n lò ní èdè wọn. Òfin náà kan Dahomey, tí í ṣe Benin lónìí, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu àti Sákétẹ́ wà. Ní 1935 wọ́n tún fi kún un pé ilẹ̀ tí kò ní ìwé, tí a kò sì lò fún ohun tí ó ju ọdún 10 lọ, lè bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ìgbọ̀rọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá fún ọmọ rẹ̀, lójú akọ̀wé tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì, kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí kò ní ẹni. Ọdún 1955 ni wọ́n tó yí òfin náà padà, tí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ wọlé.

Ní ìhà tiwa, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ dá a láre. Wọ́n ní gbogbo ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, àti pé bí a ti ń san owó fún ẹni tí ó ni gbogbo ilẹ̀ ni kí a san án fún wọn.

Bí òfin ti rí nísinsìnyí

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti wà. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa ṣe olùtọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lóòótọ́, òfin náà fi ìyà kan jẹ ilẹ̀ tí a kò lò: ní àwọn ibi tí ìjọba kà sí ìlú ńlá, ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ ohunkóhun sí kò lè di ohun tí ó ju ààbọ̀ hẹ́kítà mú. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ilé tí a tì pa ti di ti aládùúgbò. Bákan náà, kò sí ẹni tí ó lè ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tàbí fi í dógò láìgba àṣẹ gómìnà. Fún ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ní ìgbèríko, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti ń gba àṣẹ.

Ní ti ilé ẹbí, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ọ́ ní 1959. Bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, àwọn yòókù lè mú kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Èyí ni ó mú kí owó wa há. Ọmọ kan láti ìdí igi kan kò lè ta ohun tí ìdí igi mẹ́ta ni.

Kí ẹ̀yin tí ẹ ti ilé yín pa náà má ṣe sùn lọ. Ẹjọ́ kan wà ní 1913 tí adájọ́ kọ̀ láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti wà lórí rẹ̀ ju ọdún 21 lọ, nítorí pé olówó ilẹ̀ mọ̀, ó sì dákẹ́. Ilé òfìfo ní onílé. Ṣùgbọ́n onílé tí ó bá ń wo ẹni tí ó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ààlè rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí

Ìgbìmọ̀ ti jókòó, a sì gbé ìbéèrè márùn-ún wá síwájú yín. A fẹ́ kí a máa dáhùn wọn ní èdè Yorùbá nínú ìwé ìpàdé, kí a tó ra ilé tàbí ilẹ̀ kankan, tàbí kí a tó gbà á fún dógò.

Èkíní: Ta ni ó wà nínú rẹ̀? Kí a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kì í ṣe ti iwájú nìkan. Bí a bá rí ẹrù, kí a mọ olówó rẹ̀.

Èkejì: Ta ni ó ni ín? Kí a mọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kí a mọ iye ìdí igi tí ó fi sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí ìwé ní ojú wa.

Ẹ̀kẹta: Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibẹ̀ lónìí? Ó lè jẹ́ ayálégbé, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ti fi ilé náà dógò fún ṣáájú wa.

Ẹ̀kẹrin: Kí ni ìwé sọ? Kí lọ́yà lọ wo ìwé ilẹ̀ náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Adó-Èkìtì, kí a sì bèèrè àṣẹ tí òfin ní kí a gbà.

Ẹ̀karùn-ún: Ta ni kò sí níbí? Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ìlú bíi tiwa, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ní oko Oǹdó àti ní òkè òkun. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ní ìpín nínú ilé náà tí kò sí nílé, kí a fi fóònù pè wọ́n ní etí ìgbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá tí ó ní ilé òun jẹ́ "vacant", kí akọ̀wé bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ gbólóhùn yìí sí abẹ́ rẹ̀: "Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò sí ẹrù ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, gbogbo wa tí a ni ín ni a fọwọ́ sí i, a ó sì fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá lé yín lọ́wọ́." Ẹni tí ó bá lè kọ ìyẹn, kí a bá a ṣe é. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó lọ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, kí ó sì padà wá. A ó dúró dè é.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó mú ilé wá lọ́tẹ̀ yìí, a ti jíṣẹ́ ìbéèrè márààrún fún un. Ó gbà wọ́n tọkàntọkàn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìdáhùn bá pé, kí ó gba owó rẹ̀. Bí kò bá pé, kí ó má ṣe bínú sí wa. Owó tí a ń ṣọ́ yìí, owó ìdánwò ọmọ ẹnì kan wà nínú rẹ̀.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí ilé wa di ahoro, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi padà bá wa láyọ̀. Ẹgbẹ́ yóò gbè wá o.